Ọ̀gá fẹ́ ká máa kó fóònù sínú àpótí lẹ́nu ọ̀nà: ṣé ó yẹ kí ilé-iṣẹ́ dá òṣìṣẹ́ lẹ́kun sóṣà mídíà?

Alábòójútó

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ bá mi dá sí. Èmi ni mo ń bójú tó ẹ̀ka tó ń dá oníbàárà lóhùn níbi iṣẹ́ wa. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, oníbàárà kan lọ bá ọ̀gá pé òun dúró síwájú káńtà, ọmọ tó yẹ kó dá òun lóhùn gbé ìka kan sókè pé kí òun ní sùúrù, ọwọ́ rẹ̀ kejì wà lábẹ́ káńtà, ó ń fi í tẹ èsì ránṣẹ́ lórí fóònù. Ó ní nígbà tó máa fi gbójú sókè, ẹ̀rín ohun tó ń kà ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Ìyẹn ló dun oníbàárà náà jù.

Ọ̀gá bínú gan-an. Ó ní láti oṣù tó ń bọ̀, kí gbogbo òṣìṣẹ́ máa kó fóònù sínú àpótí bí wọ́n bá ti ń wọlé, kí ẹni tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà sì ti Facebook, Instagram, TikTok, X àti WhatsApp Web pa lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wa. Èmi ló ní kí n kọ òfin náà wá. Inú àwọn ọmọ iṣẹ́ ò dùn, àwọn kan ti ń sọ pé àwọn á wáṣẹ́ síbòmíràn. Èmi náà rí i pé ọ̀rọ̀ fóònù yìí ti pọ̀ jù, àmọ́ ọkàn mi ò gba ti àpótí yẹn. Ẹni tírú ẹ̀ bá ti ṣẹlẹ̀ níbi iṣẹ́ ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ bó ṣe já sí.

Nọ́ọ̀sì Òru

Alábòójútó, ẹ pẹ̀lẹ́. Níbi tí èmi ti ń ṣiṣẹ́, mo fara mọ́ ọn pé kí fóònù jìnnà sí ọwọ́, mi ò sì ní tìtorí ẹnikẹ́ni yí ohùn padà. Ẹ fojú inú wò ó: èèyàn ń ka hóró oògùn sínú ife kékeré fún aláìsàn lóru. Ó ti ka mẹ́ta, ó ka mẹ́rin, iná fóònù tàn nínú àpò aṣọ, ojú ti lọ síbẹ̀ kí ọkàn tó mọ̀. Ṣé mẹ́rin ló wà nínú ife àbí márùn-ún? Ẹni tó mọ iṣẹ́ á da gbogbo ẹ̀ padà, á bẹ̀rẹ̀ látorí oókan. Ẹni tí aláìsàn mẹ́wàá mìíràn ṣì ń dúró dè ńkọ́?

Ọ̀rọ̀ àwòrán tún wà. Ọmọ iṣẹ́ kan á ya ara rẹ̀ ní yàrá ìtọ́jú, ojú aláìsàn kankan ò hàn, àmọ́ pátákó wà lẹ́yìn rẹ̀, orúkọ àti nọ́ńbà bẹ́ẹ̀dì hàn kedere lára ẹ̀. Tó bá ti lè gbé e sórí státọ́ọ̀sì, àṣírí aláìsàn ti tú nìyẹn, kò sì sí bó ṣe fẹ́ kó o padà. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ wo irú iṣẹ́ tẹ́ ẹ̀ ń ṣe kẹ́ ẹ tó sọ pé òfin yìí dáa tàbí kò dáa.

Òṣìṣẹ́ Ojú Irin

Ọ̀rọ̀ Nọ́ọ̀sì ló jẹ́ kí n dá sí i. Ní February 9, ọdún 2016, ọkọ̀ ojú irin méjì forí sọ ara wọn nítòsí Bad Aibling, ní Jámánì. Èèyàn 12 ló kú. Ẹni tó ń darí ọkọ̀ lójú irin yẹn ń gbá géèmù lórí fóònù lẹ́nu iṣẹ́, ó wá gba ọkọ̀ méjèèjì láyè sójú irin kan ṣoṣo. Ilé ẹjọ́ rán an lẹ́wọ̀n ọdún mẹ́ta àtààbọ̀.

Èyí tó ṣẹlẹ̀ ní Chatsworth ní ìpínlẹ̀ California, ní September 12, ọdún 2008, ló tún yẹ kẹ́ni tó ń kọ òfin mọ̀. Awakọ̀ ọkọ̀ ojú irin kan ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ lórí fóònù, ó gba iná pupa kọjá, ó lọ forí sọ ọkọ̀ ojú irin akẹ́rù. Èèyàn 25 ló bá a lọ, awakọ̀ náà wà lára wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàkíyèsí pé òfin tó ní kó má lo fóònù ti wà nílẹ̀ ṣáájú ọjọ́ yẹn. Inú ìwé ló wà, kò dé inú yàrá awakọ̀. Tẹ́ ẹ bá máa ṣòfin, ẹ ronú nípa ẹni tó máa rí i pé wọ́n ń tẹ̀ lé e, àti ibi tí fóònù máa wà nígbà tí iṣẹ́ bá ń lọ lọ́wọ́.

Ọmọ Ọ́fíìsì

Mo gbọ́ tiyín, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ikú àwọn èèyàn yẹn kì í ṣe ohun téèyàn ń fọwọ́ yẹpẹrẹ mú. Ṣùgbọ́n Alábòójútó ò sọ pé ọkọ̀ ojú irin làwọn ń wà. Ẹni tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, tó ń tò àkọsílẹ̀, tó wo Instagram fún ìṣẹ́jú márùn-ún kó tó mú èyí tó kàn, kò pa ẹnikẹ́ni lára.

Ibi tí bàtà ti ń ta èmi lẹ́sẹ̀ rèé. Ọ̀gá tí ò fẹ́ rí WhatsApp lójú wa lọ́sàn-án ló ń ju iṣẹ́ sórí gúrúpù WhatsApp lálẹ́. Èèyàn ti jẹun tán, ó ti nà sórí bẹ́ẹ̀dì, fóònù dún: "Ta ni ìwé oníbàárà àná wà lọ́wọ́ ẹ̀?" Tó o bá dákẹ́, lọ́jọ́ kejì wọ́n á ní o ò fọwọ́ pàtàkì mú iṣẹ́, torí wọ́n ti rí i tí àmì méjèèjì di búlúù. Fóònù tèmi ni o. Dátà tí mo fowó ara mi rà ni. Bí àkókò iṣẹ́ bá jẹ́ ti ọ̀gá pátápátá, àkókò ilé ńkọ́, ta ló ni ín?

Àwọn orílẹ̀-èdè kan ti dáhùn ìbéèrè yẹn. Ní Faransé, láti January 1, ọdún 2017, ilé-iṣẹ́ tó bá ní òṣìṣẹ́ 50 sókè gbọ́dọ̀ bá àwọn òṣìṣẹ́ jókòó sọ bí wọ́n á ṣe máa pa ẹ̀rọ iṣẹ́ tì lẹ́yìn iṣẹ́. Ní Pọ́túgà, òfin ọdún 2021 kọjú sí ọ̀gá fúnra ẹ̀: òun ni kó yéé dá òṣìṣẹ́ láàmú lásìkò ìsinmi, àfi tí nǹkan pàjáwìrì bá dé. Ọsirélíà bẹ̀rẹ̀ tiẹ̀ ní August 26, ọdún 2024, pé òṣìṣẹ́ lè kọ̀ láti dá ọ̀gá lóhùn lẹ́yìn iṣẹ́, tí kíkọ̀ náà bá ti bọ́gbọ́n mu. Tí Alábòójútó bá kọ òfin tó kan ọ̀sán nìkan, tí ò sọ nǹkan kan nípa alẹ́, àwọn ọmọ iṣẹ́ ò ní gbà pé ọ̀rọ̀ àkókò ni. Wọ́n á ní ìyà lẹ fẹ́ fi jẹ àwọn. Èmi náà á sọ bẹ́ẹ̀.

Onítẹ̀wé

Mo ti ṣiṣẹ́ rí níbi tí wọ́n ti ń gba fóònù lẹ́nu ọ̀nà. Lákọ̀ọ́kọ́ gbogbo ibẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́, inú ọ̀gá dùn. Kò pẹ́ táwọn èèyàn fi ní fóònù méjì: èyí tó ti gbó á wọ inú àpótí, èyí tó ń ṣiṣẹ́ á wà nínú ìbọ̀sẹ̀. Ilé ìtọ̀ wá di ibi ìpàdé, tó o bá kan ilẹ̀kùn títí, kò sẹ́ni tó máa ṣí i. Nígbà tó yá, fóònù ẹnì kan sọnù nínú àpótí yẹn. Ta ló máa san án? Ọ̀gá ní òun kọ́, ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ní òun kọ́, ọmọ olóhun ń sunkún. Wọ́n fa ọ̀rọ̀ náà títí.

Èyí tó bà á jẹ́ pátápátá ni pé àwọn máníjà ò fi tiwọn sílẹ̀. Wọ́n á gba iwájú wa kọjá, fóònù á wà létí wọn, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín. Láti ìgbà náà kò sẹ́ni tó bọ̀wọ̀ fún òfin yẹn mọ́.

Ìyá Ìbejì

Gbólóhùn kan péré ni tèmi. Tí ara ọmọ bá gbóná níléèwé, fóònù mi ni wọ́n máa pè. Bẹ́ ẹ bá máa gba fóònù, ẹ fún wa ní nọ́ńbà ilé-iṣẹ́ kan téèyàn gidi ń gbé, kẹ́ni tó gbé e sì wá pe ìyá ọmọ lójú ẹsẹ̀. Tí ò bá sí ìyẹn, mi ò ní fi fóònù sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Ẹlẹ́rọ Nẹ́tíwọ́ọ̀kì

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ tẹ́ ẹ bá ní ká ti ìkànnì pa. Lórí Wi-Fi ilé-iṣẹ́ nìkan la ti lè ti í pa. Òṣìṣẹ́ á tan dátà tirẹ̀, ó parí. Ẹlòmíràn á lọ gbé VPN ọ̀fẹ́, ìyẹn ètò tó ń jẹ́ kéèyàn gba ẹ̀yìn dé ìkànnì tí wọ́n tì pa, sórí kọ̀ǹpútà iṣẹ́, òun fúnra ẹ̀ ò sì mọ ẹni tó ni ín, àwọn nǹkan tó ń ti orí ẹ̀rọ yẹn jáde á wá máa gba ọwọ́ àlejò kọjá. Àkókò lẹ fẹ́ dáàbò bò, àṣírí oníbàárà lẹ wá fi tọrẹ. YouTube ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ibi iṣẹ́ ti tì í pa tán kí wọ́n tó rántí pé orí ẹ̀ ni fídíò tí wọ́n fi ń kọ́ òṣìṣẹ́ tuntun wà.

Ẹ má sì jẹ́ kẹ́nikẹ́ni ta ètò fún yín pé ó máa jẹ́ kẹ́ ẹ rí ohun tí wọ́n ń sọ lórí WhatsApp látinú nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Láti ọdún 2016 ni gbogbo ọ̀rọ̀ tó ń gba ibẹ̀ ti wà ní títìpa láti ọwọ́ ẹni tó fi ránṣẹ́ títí dé ọwọ́ ẹni tó gbà á. Èmi tí mo wà nídìí ẹ̀rọ lè rí i pé WhatsApp ń ṣiṣẹ́, mi ò lè ka ohun tó wà níbẹ̀. Ètò tí wọ́n ń fi sínú kọ̀ǹpútà, tó ń ya àwòrán ojú ẹ̀rọ láti ìgbà dé ìgbà, ló lè rí i. Ìyẹn ò sì mọ ìyàtọ̀: nọ́ńbà báńkì èèyàn, èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ìyàwó ẹ̀, gbogbo ẹ̀ ló ń kó. Ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí, mo sì máa ń sọ fún ọ̀gá èyíkéyìí tó bá ní kí n gbé e sórí ẹ̀rọ.

Ohun tí mo rò pé ó ṣe pàtàkì jù ni pé kẹ́ ẹ ní ọ̀nà ìbánisọ̀rọ̀ tiyín fún iṣẹ́. Ní October 4, ọdún 2021, Facebook, Instagram àti WhatsApp dákú kárí ayé fún bíi wákàtí mẹ́fà. Ibi iṣẹ́ tó bá jẹ́ pé orí WhatsApp nìkan ni wọ́n ti ń pàṣẹ fún òṣìṣẹ́ ò rí nǹkan kan ṣe. Bí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ bá ti wà lórí ímeèlì tàbí ètò tó jẹ́ ti iṣẹ́, ẹni tó ń wo WhatsApp ò ní lè sọ pé iṣẹ́ lòún ń wò. Ọ̀rọ̀ alẹ́ tí Ọmọ Ọ́fíìsì sọ náà á dín kù, torí ètò iṣẹ́ á wà lórí ẹ̀rọ iṣẹ́.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ìhùwàsí

Lórí ọ̀rọ̀ kí fóònù wà nítòsí: ní ọdún 2017, àwọn olùwádìí kan gbé ìwádìí jáde pé àwọn tí fóònù wọn wà ní yàrá mìíràn ṣe dáadáa nínú ìdánwò ìrònú ju àwọn tí tiwọn wà lórí tábìlì lọ, kódà nígbà tí fóònù náà ò dún rárá. Àwọn mìíràn ti tún un dán wò tí àbájáde wọn ò rí bẹ́ẹ̀, nítorí náà ẹ má fi ṣe ìpìlẹ̀ òfin. Ohun tí olùwádìí kan, Sophie Leroy, kọ ní ọdún 2009 ló wúlò fún yín jù: téèyàn bá fi iṣẹ́ kan sílẹ̀ láìparí tó bọ́ sórí òmíràn, apá kan ọkàn rẹ̀ á ṣì wà lẹ́yìn, èyí tó wà níwájú ò ní dáa tó. Orí iṣẹ́ ló ti ṣèwádìí yẹn, kì í ṣe orí Facebook. Máníjà tó ń pe èèyàn sọ́dọ̀ ní gbogbo ìgbà ń ṣe irú ibi kan náà tí fóònù ń ṣe.

Oníléeṣẹ́

Èmi ni mo ń sanwó oṣù níbi tèmi, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi láìfi bò. Ọmọ Ọ́fíìsì, àbúrò mi, òótọ́ lo sọ nípa alẹ́. Àmọ́ ìṣẹ́jú márùn-ún tó o dárúkọ yẹn kì í dúró ní márùn-ún. Àwọn tó ṣe ìkànnì wọ̀nyí mọ ohun tí wọ́n ń ṣe, fídíò kan ò tíì parí tí òmíràn ti ń bẹ̀rẹ̀ fúnra ẹ̀. Mi ò dá ọmọ iṣẹ́ lẹ́bi pé ó wù ú láti wò ó, ó ń wu èmi náà.

Ohun tí mo fi ń díwọ̀n ni iṣẹ́. Lẹ́tà mélòó ló yẹ kó jáde lónìí? Ṣé wọ́n jáde? Ṣé àṣìṣe wà níbẹ̀? Tí gbogbo ẹ̀ bá ti pé, mi ò bá ẹnikẹ́ni wá ohun tó ń wò. Tí ò bá pé, iṣẹ́ tí ò pé la máa sọ̀rọ̀ lé lórí, nítorí mo ti rí òṣìṣẹ́ tí ò fọwọ́ kan fóònù látàárọ̀ dalẹ́ tí iṣẹ́ rẹ̀ ò sì lọ síbì kankan. Ọmọ tó ń bójú tó ojú ewé wa lórí Instagram ńkọ́? Ibẹ̀ niṣẹ́ ẹ̀ wà. Òfin tó bá ní kó má débẹ̀ ti lé àwọn oníbàárà tó ń béèrè ọjà níbẹ̀ lọ.

Iwájú káńtà yàtọ̀. Níbẹ̀, fóònù gbọ́dọ̀ wà nínú dúrọ́ọ̀, kó má dún, láti ìgbà téèyàn bá ti jókòó títí tí ẹlòmíràn á fi gba ipò ẹ̀. Mi ò ní fi àyè gba àríyànjiyàn lórí ìyẹn, ẹni tó dúró síwájú yín ló ni gbogbo ojú yín. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí wọ́n máa gbara wọn sílẹ̀ déédéé. Ẹni tẹ́ ẹ bá fi síwájú káńtà fún wákàtí mẹ́rin láìsinmi á jí fóònù wò, kò sí òfin tó lè dá a dúró.

Amòfin Òṣìṣẹ́

Ẹ ṣé, Oníléeṣẹ́. Apá tó ń kó ọ̀gá sí wàhálà jù ni títọpinpin. Ẹ wo ẹjọ́ ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Bărbulescu ní Ròmáníà. Ilé-iṣẹ́ ní kí ọkùnrin náà ṣí Yahoo Messenger láti máa dá oníbàárà lóhùn. Wọ́n tọpinpin rẹ̀, wọ́n rí i pé ó tún ń fi bá àfẹ́sọ́nà rẹ̀ àti ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò rẹ̀ ọkùnrin sọ̀rọ̀. Wọ́n tẹ ọ̀rọ̀ náà síwèé, ojú ewé 45, wọ́n sì lé e lẹ́nu iṣẹ́ ní ọdún 2007. Òfin ilé-iṣẹ́ náà ka lílo ẹ̀rọ iṣẹ́ fún ọ̀rọ̀ ara ẹni léèwọ̀ lóòótọ́. Síbẹ̀, ní September 5, ọdún 2017, Ìgbìmọ̀ Ńlá Ilé Ẹjọ́ Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn ti Yúróòpù dá a láre. Wọ́n ní àwọn ilé ẹjọ́ Ròmáníà ò wádìí bóyá wọ́n ti sọ fún un tẹ́lẹ̀ pé wọ́n á máa wo ohun tó ń kọ, bí wíwò náà ṣe máa jinlẹ̀ tó, ìdí tí wọ́n fi ní láti kà á, àti bóyá ọ̀nà mìíràn tí ò tú àṣírí èèyàn tó bẹ́ẹ̀ wà.

Ohun kejì: ẹ má kọ ọ́ pé òṣìṣẹ́ ò gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ iṣẹ́ rárá lórí ìkànnì. Ní Amẹ́ríkà, òfin iṣẹ́ ọdún 1935 dáàbò bo òṣìṣẹ́ tó bá ń bá ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ owó oṣù àti ipò iṣẹ́, ìgbìmọ̀ tó ń rí sí òfin náà sì ti lò ó fún ọ̀rọ̀ orí Facebook, kódà fún òṣìṣẹ́ tó kàn tẹ "Like" sábẹ́ ọ̀rọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Àṣírí oníbàárà lẹ lè ní kí wọ́n pa mọ́. Ìráhùn nípa owó oṣù kì í ṣe àṣírí oníbàárà. Òfin ibì kan yàtọ̀ sí tibòmíràn, ẹ fi han amòfin tó mọ òfin ibi tẹ́ ẹ wà kẹ́ ẹ tó ní kẹ́nikẹ́ni tọwọ́ bọ̀ ọ́.

Alábòójútó

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin ará. Mo ti kọ ọ́, ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò:

"Ẹni tó bá wà níwájú oníbàárà yóò fi fóònù sínú dúrọ́ọ̀ tirẹ̀, kọ́kọ́rọ́ á wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹlòmíràn á gba ipò rẹ̀ ní wákàtí méjì-méjì kó lè sinmi, ó sì lè lo fóònù bó ṣe wù ú nígbà náà. Òfin yìí kan máníjà àti ọ̀gá náà tí wọ́n bá wà níwájú oníbàárà. Fún àwọn tó wà lẹ́yìn, iṣẹ́ tí wọ́n bá parí la ó fi díwọ̀n wọn. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ ya àwòrán ibi tí orúkọ tàbí ìwé oníbàárà bá wà. Nọ́ńbà ilé-iṣẹ́ wà fún ọ̀rọ̀ pàjáwìrì, ẹni tó bá gbé e á pe òṣìṣẹ́ náà lójú ẹsẹ̀. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ò ní gba orí WhatsApp mọ́. Ilé-iṣẹ́ lè yẹ kọ̀ǹpútà wò nígbàkígbà."

Amòfin Òṣìṣẹ́

Ó dáa, àfi gbólóhùn tó kẹ́yìn. "Nígbàkígbà" ti fẹjú jù. Ẹ kọ ohun tẹ́ ẹ máa wò, ìdí tẹ́ ẹ fi máa wò ó, ẹni tó lè wò ó, àti pé ẹ ò ní ka ọ̀rọ̀ ara ẹni.

Ọmọ Ọ́fíìsì

Ẹ fi aago sí ọ̀rọ̀ alẹ́ náà, ẹ jọ̀ọ́. Tẹ́ ẹ bá kàn yọ ọ́ kúrò lórí WhatsApp, orí ímeèlì ni wọ́n á ti máa pè wá.

Alábòójútó

Mo ti tún un ṣe. Ẹ̀ka tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà nìkan ló lè yẹ ẹ̀rọ wò, nígbà tí fáírọ́ọ̀sì tàbí ẹ̀sùn tó wà lákọsílẹ̀ bá wà, olóhun á wà níbẹ̀, wọn ò sì ní ṣí ọ̀rọ̀ ara ẹni. Láti aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ títí di aago méje àárọ̀, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ retí èsì lọ́wọ́ òṣìṣẹ́. Mo yọ àpótí kúrò pátápátá. Lọ́jọ́ Ajé ni mo máa gbé e lọ bá ọ̀gá, mo sì ti ní kí méjì nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ bá mi wọlé, kí wọ́n lè fẹnu ara wọn sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níwájú káńtà.